Ojú Àpá Kò Lè Jọ Ojú Ara: Ìkìlọ̀ Lórí Òórùn Dídùn Lẹ́yìn Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ọyàn

Ẹ̀yin ọmọ mi obìnrin tí ẹ ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn, tí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọkọ wọn, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí ẹ máa ń gbé ẹ̀bùn wá kí wọn, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ìpara àti lọ́fíńdà lójú ọjà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Ìkìlọ̀ ni mo mú wá, mi ò sì ní bọpo bọyọ̀ sí i. Ọṣẹ olóòórùn, ìpara olóòórùn, àtíkè, lọ́fíńdà, òróró tí wọ́n ń pè ní ti ìbílẹ̀, gbogbo wọn ni kí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ìtọ́jú yìí jìnnà sí, pàápàá ní ibi tí ọ̀bẹ àti ìtànṣán ti kàn lára rẹ̀. Àwọn baba wa ti wí i tipẹ́ pé ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Àwa la fẹ́ máa ṣe bí ẹni pé ó jọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ènìyàn díẹ̀. Ìṣirò àjọ IARC, ẹ̀ka tí Àjọ Ìlera Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ìwádìí jẹjẹrẹ, fi hàn pé ní ọdún 2022 nìkan, obìnrin tí jẹjẹrẹ ọyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn lára wọn ní Nàìjíríà lé ní 30,000. Láyé ìgbà kan, ẹni tó bá ní in, àdúrà ìkẹyìn ni wọ́n máa ń gbà fún un. Nǹkan ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn, àwọn kan ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun ní ọdún 2019. Wọ́n ń gba ìtọ́jú tán, wọ́n sì ń padà wálé. Ilé tí wọ́n ń padà sí yìí, pẹ̀lú ohun tó wà lórí tábìlì ìmúra àti nínú ilé ìwẹ̀, ni mo fẹ́ bá wí.

Kí a tó dé orí ọṣẹ àti ìpara, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan ibi tó ń dun àwọn obìnrin wọ̀nyí jù, tí wọn kì í sì í sọ síta. Ní ilẹ̀ wa, òórùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ jẹjẹrẹ ọyàn. Ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti rí. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ìyá wa ti ń fi kókó inú ọyàn pamọ́, tí wọ́n ń fi àgbo wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń gbé e lọ sórí òkè àdúrà, títí kókó náà á fi bẹ́, tí á di egbò, tí kòkòrò àìfojúrí á sì wọ inú egbò ọ̀hún. Egbò tó ti rà bẹ́ẹ̀ ló máa ń rùn. Wọn á gbé ìyá náà sí yàrá ẹ̀yìn, wọn á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún un á di imú rẹ̀ wọlé. Àwọn ọmọdé tó wà nínú ilé nígbà náà ti di àgbà lónìí, ohun tí wọ́n rí kò sì kúrò lọ́kàn wọn.

Nítorí èyí, obìnrin tó ti gba ìtọ́jú tán, tí kò ní egbò kankan lára, tí ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, á ṣì máa bẹ̀rù pé òun ń rùn. Á wẹ̀ láàárọ̀, á wẹ̀ lọ́sàn-án, á wẹ̀ lálẹ́, á tún wẹ̀ kó tó sùn. Á da oògùn apakòkòrò sínú omi ìwẹ̀. Á fi kànìnkànìn bó ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bọ́ awọ sílẹ̀. Á wá fín lọ́fíńdà sí abíyá, sí àyà, sí orí àpá gan-an, á sì pe ọmọ rẹ̀ obìnrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé, "Sún mọ́ mi, ṣé kò sí òórùn kankan lára mi?" Ọmọ mi, kò sí. Òórùn tí ayé ń sọ, ti egbò tó bàjẹ́ ni. Àpá tó ti jiná kì í rùn. Lọ́fíńdà tí ò ń dà sára yẹn, àhesọ ayé lo fi ń dá lóhùn, awọ ara rẹ ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sún jìnnà sí i lórí ìjókòó, ẹ̀yin tí ẹ máa ń yí ojú padà bó bá ní kí ẹ bá òun so bùrèsíà, ẹ̀yin lẹ ń tì í sínú ìwà yìí. Ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìtọ́jú ń ṣe sí awọ. Ìtànṣán ló máa ń ṣe é jù, èyí tí ọ̀pọ̀ aláìsàn wa ń pè ní iná. Ìgbà 15 ni wọ́n ń fi í fún àwọn kan, ìgbà 25 fún àwọn mìíràn, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí dé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Kí ìtànṣán tó dé ibi tí wọ́n rán an, awọ ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ìsàlẹ̀ awọ, níbi tí awọ tuntun ti ń hù, ló ń yọ lẹ́nu. Awọ òkè ń gbó lọ, awọ tuntun kò sì tètè dé láti gba ipò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara fi máa ń gbẹ, tó máa ń yún, tó máa ń ṣókùnkùn, tó sì ń bó. Lábẹ́ ọyàn àti ní abíyá, níbi tí awọ ti ń ha awọ, ó lè bó títí omi á fi máa sun jáde. Awọ tó wà ní irú ipò yìí dà bí ọgbà tí ẹran ti wó: ohun tí kì í lè wọlé tẹ́lẹ̀ ń bá ibẹ̀ kọjá. Lọ́fíńdà tó wà nínú ìpara, tí ara ti fara dà fún ogún ọdún láìsí wàhálà, lè wá ta ara bí ata lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ wá fetí sí èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣì sí. Ọjọ́ tí ìtànṣán parí kọ́ ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í jiná. Lẹ́yìn ọjọ́ ìkẹyìn yẹn, ìyọnu awọ ṣì máa ń ga sí i fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Kí la sì máa ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn? Ìdúpẹ́ ni. A ti rán aṣọ, a ti pe ẹbí, a ti bá olórin sọ̀rọ̀. Obìnrin náà á wọ léèsì tó há mọ́ra, wọn á lẹ àtíkè mọ́ ọn láti ojú dé àyà, wọn á fín lọ́fíńdà sí i láti orí dé ẹsẹ̀, á jó nínú oòrùn títí ilẹ̀ á fi ṣú, òógùn á sì po gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú awọ tó ti jó. Ọlọ́run kò ní bínú bí ẹ bá sún ìdúpẹ́ síwájú ní oṣù méjì. Bí ẹ kò bá sì lè sún un, ẹ jẹ́ kó wọ aṣọ òwú tó fẹ̀, kó fi omi lásán wẹ̀ wá sílé Ọlọ́run.

Ohun mìíràn wà tó jẹ́ tiwa, àwa aláwọ̀ dúdú. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, pípọ́n ni wọ́n ní awọ máa ń pọ́n bí ìtànṣán bá ti sun ún. Lára wa, dúdú ló máa ń dú sí i, kódà á lè dú bí ìdí ìkòkò. Obìnrin á wo dígí, á rí i pé apá kan àyà òun ti ṣókùnkùn ju èkejì lọ, ọkàn rẹ̀ á bàjẹ́. Aládùúgbò á wá júwe ẹni tó ń po ìpara fún un, pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọ̀ rẹ̀ á padà mọ́lẹ̀. Ìpara yẹn ni mo bẹ̀rù ju lọ́fíńdà lọ. Nínú abọ́ la ti ń bù ú, kò sí ìwé lára rẹ̀, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń yẹ oògùn àti ìpara wò. Hydroquinone, èròjà tó ń bó àwọ̀, lè wà nínú rẹ̀, oògùn sitẹrọ́ọ̀dù tó ń mú awọ fẹ́lẹ́ lè wà níbẹ̀, àní makiuri pàápàá. Ẹni tó pò ó á wá da òórùn tó lágbára sí i kí òórùn oògùn má bàa hàn. Àwọ̀ dúdú tí ìtànṣán fà máa ń ṣí kúrò fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Lára àwọn mìíràn, díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù. Ẹ jẹ́ kó ṣẹ́kù. Ó sàn ju awọ tó fẹ́lẹ́ títí tó fi ya lọ.

Ní ti abíyá, obìnrin tí wọ́n yọ àwọn kókó abẹ́ abíyá rẹ̀, èyí tí omi ara ń gbà kọjá, nígbà iṣẹ́ abẹ sábà máa ń rí i pé ibẹ̀ àti inú apá òun kú tìpìrì. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára dé ibẹ̀ ni ọ̀bẹ ti kàn. Abẹ ìfárí lè gé e, omi gbígbóná lè bó o, ìpara abíyá lè máa jó o, kò ní mọ̀ títí yóò fi rí i lójú. Lẹ́yìn èyí, abíyá tí ìtànṣán bá kàn kì í làágùn tó bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ò rí i pé òógùn tí obìnrin náà ń fi òórùn dídùn lé kúrò ti dín kù níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn dókítà kan ti dẹwọ́ lórí ìpara abíyá, nítorí ìwádìí ti fi hàn pé níwọ̀n ìgbà tí awọ kò bá tíì ya, kì í mú kí ìjóná ìtànṣán le sí i. Mi ò bá wọn jiyàn. Ohun tí dókítà rẹ bá sọ ni kó o tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n bó bá ní kó o lò ó, kí ó jẹ́ èyí tí kò ní òórùn, kó o sì jáwọ́ ní ọjọ́ tí awọ bá ya.

Apá tí kókó abíyá rẹ̀ ti kúrò tún ní ẹ̀rù tirẹ̀ títí ayé. Omi ara kì í rí ọ̀nà gbà kúrò níbẹ̀ bó ṣe yẹ, nítorí náà kòkòrò tètè ń ráyè nínú rẹ̀. Ìpara olóòórùn á mú kí ara yún, obìnrin á họ ọ́, èékánná á là á, kòkòrò á gba ibẹ̀ wọlé, apá á wú, á gbóná, ibà á sì dé. Lára àwọn kan, wíwú náà kì í lọ mọ́. Mo ti rí obìnrin tí apá rẹ̀ kan nípọn ju itan ọmọdé lọ. Apá yìí nílò ìpara lóòótọ́, nítorí awọ tó gbẹ máa ń sán, ṣùgbọ́n ìpara tí kò ní òórùn ni.

Báwo la ṣe máa mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì? Ẹ ka ara páálí. Bí ẹ bá rí fragrance, parfum tàbí perfume, ẹ gbé e padà sórí àtẹ. Ọ̀rọ̀ kan péré yẹn lè dúró fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ èròjà tí ẹni tó ṣe é kò dárúkọ. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin ti pẹ́ tó ń mú kí wọ́n dárúkọ 26 nínú àwọn èròjà òórùn tó máa ń yọ ara lẹ́nu jù, bí limonene, linalool àti geraniol; ní ọdún 2023 wọ́n fẹ àkójọ náà títí ó fi lé ní 80. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lára ọṣẹ tí àwọn ọmọ yín ń fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kọ unscented sí pẹ̀lú, torí wọ́n lè fi òórùn kan pa òórùn mìíràn nínú rẹ̀. Fragrance-free ni kí ẹ máa wá. Ẹ má sì jẹ́ kí àwòrán ọmọ ọwọ́ lára ike tàn yín jẹ. Púpọ̀ nínú ìpara àti òróró tí à ń fi pa ọmọ lára ló kún fún òórùn.

Ara kì í sábà kọ nǹkan lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ fi pa á kó tó wú, kó tó yún. Ìdí nìyí tí ẹ máa fi ní "Kì í ṣe ìpara yẹn, àná kọ́ ni mo lò ó." Bí ẹ bá fẹ́ dán nǹkan tuntun wò, ìwọ̀nba bíńtín ni kí ẹ fi pa inú apá ẹ̀gbẹ́ tí wọn kò ṣiṣẹ́ abẹ sí, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí ẹ tó fi kan ibòmíràn.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé, "Ti òyìnbó lẹ̀ ń sọ, ti ìbílẹ̀ kò lè pa ni lára." Ọmọ Yorùbá ni mí, mo fẹ́ràn ohun tiwa, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọṣẹ dúdú tí à ń fi eérú èèpo kòkó tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe, eérú náà ló ń fún un lágbára tó fi ń ṣí ìdọ̀tí, agbára yẹn gan-an ló sì máa ń ṣí epo inú awọ tó ti gbẹ. Fún ara tó le, ọṣẹ dáadáa ni. Fún àyà tí ìtànṣán ṣẹ̀ṣẹ̀ sun, ẹ gbé e tì fún ìgbà díẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n ti po osùn, oyin àti lọ́fíńdà mọ́. Òrí tó mọ́, tí kò ní àdàlù, kò burú lórí awọ tó ti pa dé, bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má fi sí ojú egbò. Àwọn òróró inú ìgò kékeré, tí wọ́n fún láti ara ewé, òdòdó tàbí èèpo ọsàn, igi ni wọ́n ti wá lóòótọ́, síbẹ̀ àwọn gan-an ni orísun limonene àti linalool tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ìgò wọn bá sì ti pẹ́ ní ṣíṣí, tí afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́, wọ́n tún máa ń yọ ara lẹ́nu sí i.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rù kan tó ń rìn káàkiri, pé lọ́fíńdà àti ìpara abíyá ló ń fa jẹjẹrẹ ọyàn. Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2002, àwọn olùwádìí ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, fi obìnrin bí 800 tó ní jẹjẹrẹ ọyàn wé nǹkan bí iye kan náà tí kò ní in, wọn kò sì rí i pé ìpara abíyá ló fà á. Ní ọdún 2004, Philippa Darbre ti Yunifásítì Reading, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí paraben, èròjà tí kì í jẹ́ kí ìpara bàjẹ́, nínú ẹran kókó jẹjẹrẹ ọyàn; ṣùgbọ́n rírí tó rí i níbẹ̀ kò fi hàn pé òun ló gbé àìsàn náà wá. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ fún obìnrin kankan pé ìmúra rẹ̀ ló fọwọ́ fa àìsàn sí i lára. Ìyà tó jẹ ẹ́ ti tó, ẹ má fi ẹ̀bi kún un.

Síbẹ̀ náà, ìṣọ́ra yàtọ̀ sí ìbẹ̀rù. Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ọyàn, estrogen, èròjà tó ń mú kí obìnrin jẹ́ obìnrin, ló ń bọ́ kókó náà dàgbà. Torí rẹ̀ ni wọ́n fi ń fún ọ̀pọ̀ obìnrin ní tamoxifen, oògùn tó ń dí estrogen lọ́wọ́, fún ọdún 5, tí ti àwọn mìíràn sì ń tó 10. Àwọn èròjà kan wà nínú ohun ìmúra tó máa ń ṣe bí estrogen lọ́nà tí kò lágbára, bí wọ́n bá dán wọn wò nínú yàrá ìwádìí. Ní ọdún 2007, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ọmọkùnrin mẹ́ta tí kò tíì bàlágà tí wọ́n yọ ọyàn nígbà tí wọ́n ń lo ọṣẹ àti ìpara tó ní òróró lavender tàbí tea tree, tí ọyàn náà sì relẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣíwọ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti jiyàn rẹ̀, àríyànjiyàn náà kò sì tíì parí. Èmi wá ń bi yín: ẹni tó ń gbé oògùn mì lójoojúmọ́ kí estrogen má bàa ráyè lára rẹ̀, kí ló fẹ́ fi irú òróró bẹ́ẹ̀ ṣe lára awọ àyà rẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ mi ọkùnrin, ẹ jẹ́ kí n bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ díẹ̀. Bí etí yín bá gbọ́ ọ, ẹ fi kọ́gbọ́n. Kíímò, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, àti àwọn oògùn tó ń bá estrogen jà, bíi tamoxifen, anastrozole àti letrozole, máa ń mú ooru àti òógùn òjijì bá obìnrin, wọ́n sì lè mú kí ojú ara rẹ̀ gbẹ, kí ìbálòpọ̀ máa dùn ún. Ojú á tì í, kò ní sọ fún dókítà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ohun ìdùnmọ́kọ ni yóò gbà lọ. Wọn á fún un ní omi olóòórùn tí wọ́n fi ń fọ abẹ́, èyí tí wọ́n ń ki bọ̀ ọ́, àti èyí tí wọ́n ń fi èéfín rẹ̀ sun abẹ́. Ibẹ̀ a máa fọ ara rẹ̀ mọ́ láti inú wá, omi lásán ló sì tó fún òde rẹ̀. Bí ẹ bá da òórùn sí ibi tó ti gbẹ, tí awọ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, á bó, á sì kó àrùn. Ẹ sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yín. Wọ́n ní nǹkan tí kò ní òórùn, tí ń mú kí ibẹ̀ rọ̀. Ìpara kan tún wà tó ní estrogen nínú. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ yín ló kọ ọ́ fún yín. Ẹ̀yin ọkọ, bí ìyàwó yín bá ní ó ń dun òun, kì í ṣe pé ó kọ̀ yín. Ẹ mú sùúrù.

Nígbà tí kíímò ṣì wà lára, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, imú àwọn mìíràn máa ń yí padà. Òórùn tó dùn mọ́ni tẹ́lẹ̀ á máa rí wọn lára, èébì á sì máa gbé wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kí i, ẹ fi lọ́fíńdà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ má gbé ọṣẹ olóòórùn wá bí ẹ̀bùn. Ọsàn àti owó ọkọ̀ sí ilé ìwòsàn wúlò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá inú ìjọ aláṣọ funfun, mo mọ ipò tí tùràrí àti lọ́fíńdà wà nínú ìjọsìn yín, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí obìnrin yìí jókòó sẹ́bàá fèrèsé, kí ẹ má sì da lọ́fíńdà lé e lórí tàbí láyà. Ẹ̀yin mùsùlùmí tí ẹ máa ń jó tùràrí nínú yàrá ṣáájú ìkómọ àti wòlímọ̀, ẹ̀bẹ̀ kan náà ni mo ń bẹ̀ yín.

Fún ẹni tí egbò ṣì wà lára rẹ̀, tí òórùn sì wà ní tòótọ́, mo ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Lọ́fíńdà kò lè bò ó. Àpapọ̀ òórùn méjèèjì á wulẹ̀ burú ju ọ̀kan lọ ni. Oògùn metronidazole wà, tí nọ́ọ̀sì lè fi sí ojú egbò bí dókítà bá kọ ọ́. Ó ń pa kòkòrò tó ń mú egbò rùn, òórùn náà á sì rọlẹ̀. Báńdéèjì tó ní èédú nínú tún wà, tó ń fa òórùn mọ́ra. Ìtọ́jú ni èyí, ẹ̀tọ́ aláìsàn ni, kò sì yẹ kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá ẹnikẹ́ni nígbà tí ìtọ́jú yìí wà.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa lò kò pọ̀, kò sì wọ́n. Omi tó lọ́ wọ́rọ́wọ́, kì í ṣe omi gbígbóná. Ọṣẹ tó rọ̀, tí kò ní òórùn. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi fọ ibẹ̀, ẹ gbàgbé kànìnkànìn. Ẹ fi táwẹ́lì tó rọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má nù ún. Ẹ fi ìpara tí kò ní òórùn pa á, lẹ́yìn tí ojú iṣẹ́ abẹ bá ti pa dé. Ẹ má fi àtíkè sí abẹ́ ọyàn, torí òógùn máa ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀ tó ń ha ara. Ẹ ṣan bùrèsíà ní àṣanmọ́ bí ẹ bá fi ọṣẹ olóòórùn fọ̀ ọ́. Bí oṣù bá ti gorí oṣù, tí awọ ti padà sípò, tí dókítà sì gbà, tí ọkàn yín bá ń fà sí lọ́fíńdà, ẹ fín in sí etí aṣọ. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ má ṣoge.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, bí oníbàárà bá sọ fún yín pé wọ́n ti tọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn fún òun, ẹ má ta ìpara àpòpọ̀ fún un. Owó rẹ̀ kò ní sọ yín di ọlọ́rọ̀.

Ọ̀rọ̀ mi kù kan, òun ló sì wúwo jù. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá yọ lára àpá ni ìpara fà. Bí ẹ bá ti jáwọ́ nínú gbogbo ohun olóòórùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ara sísú tàbí pípọ́n kan kò lọ, tí awọ nípọn bí èèpo ọsàn, tí kókó kékeré yọ lórí àpá, tàbí tí orí ọyàn èkejì ń bó tó sì ń yún, ẹ má fi nǹkan kan bò ó. Ó lè jẹ́ pé àìsàn náà ló fẹ́ padà, bí wọ́n bá sì tètè rí i, ohun tí wọ́n lè ṣe sí i pọ̀. Bí apá bá wú, tó gbóná, tí ibà dé, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì. Ẹ lọ bá dókítà tó tọ́jú yín, kí ẹ sì kó gbogbo ìgò, ike àti páálí ohun tí ẹ ń fi pa ara dání lọ, kó fojú ara rẹ̀ rí wọn.